Aṣọ Funfun Gbéra-Ńlẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lẹ wà ni, ẹ kì bá tí rí àga jókòó lé.

Kọmíṣọ́nnà ni ọkùnrin náà. Ìjọba fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tó ń gbógun ti òṣì. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tó fẹ̀ bíi pápá, wọ́n fún un ní ọkọ̀ dúdú tí gíláàsì rẹ̀ dúdú ju ọkọ̀ náà lọ, wọ́n sì ní kó lọ rí sí i pé àwọn tálákà dín kù nílùú. Kọmíṣọ́nnà ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ronú láti ìgbà tó jẹun àárọ̀ tán títí di ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó sì rí ìdáhùn. Ó ní òṣì kì í ṣe àìlówó. Ó ní òṣì kì í ṣe àìríṣẹ́ ṣe.

"Òṣì, ìjókòó ni," ló wí. "Ẹni tó bá jókòó ni òṣì ń bá nílé. Ẹni tó bá ti gbéra ńlẹ̀, òṣì á kanlẹ̀kùn títí, á sú u, á máa lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tó bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ gbéra ńlẹ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn tí kò ríṣẹ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú kan, àwọn ẹbí sì ń wojú ara wọn, wọ́n ń wò ó bóyá òkú á dáhùn. Àwọn aráàlú kò fi orúkọ ṣahun sí i. Gbéra-Ńlẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń dé ibi iṣẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Dírẹ́bà á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ẹnì kan á gbé báàgì rẹ̀. Ẹnì kan á na agbòòrùn sí i lórí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ilé kó tó dúró. Ẹlòmíràn á ti tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè sílẹ̀ dè é. Bó bá ti jáde lókè, á bá gbogbo òṣìṣẹ́ lórí ìlà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dúró, á gbé àgbọ̀n sókè, á wá bi wọ́n pé:

"Ta ló gbé mi dé ibí?"

Gbogbo wọn á dáhùn pọ̀: "Ẹ̀yin fúnra yín ni, sà!"

Dírẹ́bà náà á dáhùn. Ẹni tó gbé báàgì náà á dáhùn. Ohùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń lọ sókè jù, nítorí báàgì wúwo, ó sì ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè parí. Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn o. A ṣì máa gbọ́ ọ.

Ìpinnu àkọ́kọ́ tí Kọmíṣọ́nnà ṣe ni pé kí wọ́n kó gbogbo àga kúrò nílé-iṣẹ́ náà, kí òṣì má baà ríbi bà lé. Wọ́n kó o. Àwọn tó ń tẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró. Àwọn tó lóyún ń fara ti ògiri. Ẹni tó bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni ìjókòó kù. Àga kan ṣoṣo tí wọn kò gbé ni ti Kọmíṣọ́nnà, àga aláwọ ńlá tó ń yí po. Òun fúnra rẹ̀ bi Akọ̀wé Àgbà bóyá àwọn èèyàn ò ní sọ̀rọ̀ sí i. Akọ̀wé Àgbà yìí ni ọkùnrin tó ti ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" kí wọ́n tó bi í ní nǹkan.

"Tiyín kì í ṣe àga, sà," ló dáhùn. "Irinṣẹ́ ni."

Nǹkan mìíràn tí wọ́n tún mọ Kọmíṣọ́nnà mọ́ ni aṣọ funfun. Kóòtù funfun, ṣòkòtò funfun, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kọ́là rẹ̀ le bíi páálí. Lọ́jọ́ kan, oníròyìn kan bi í bó ṣe ń ṣe é tí aṣọ rẹ̀ fi máa ń mọ́ tó báyẹn nínú eruku ìlú yìí. Kọmíṣọ́nnà kò tíì yanu tí Akọ̀wé Àgbà fi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ìwà ọ̀gá ló ń fọ̀ ọ́. Ó ní ìdọ̀tí kì í lẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ní ìlànà.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kọmíṣọ́nnà lára. Nígbà tó délé, ó rò ó wò. Lálaalẹ́ á bọ́ aṣọ, á jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Láràárọ̀ á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á bá aṣọ náà níbẹ̀ tó ń dán. Kò fọ aṣọ rí láti ìgbà tó ti dé ipò. Kò rí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ rí. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Àbí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rọra o. Gbogbo wa la ní aṣọ kan tí a kò mọ ẹni tó fọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ ti wọnú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn aráàlú sọ. Á na apá méjèèjì, á yí po kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ wò mí. Ta ló ń fọ̀ ọ́ fún mi? Kò sẹ́ni kankan. Ìlànà ni."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Kọmíṣọ́nnà kò mọ̀. Lẹ́bàá ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti rọra dà sísàlẹ̀, òpópónà kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ agbàfọ̀ ni gbogbo ilé ibẹ̀ ń ṣe. Ìjọba àtijọ́ kan ló ri ọ̀pá omi láti orí òkè wá sí ibẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kan sí ẹnu rẹ̀, ó sì mọ àwọn agbada sìmẹ́ǹtì yí i ká. Omi náà mọ́ gaara, ọṣẹ kì í pẹ́ hó nínú rẹ̀. Ti ilé Kọmíṣọ́nnà kò rí bẹ́ẹ̀. Kànga jíjìn ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ṣe àpèjẹ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. Aṣọ funfun tó bá wọ̀ ọ́, bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú tíì ló máa ń jáde.

Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé Kọmíṣọ́nnà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ilé, fi máa ń di aṣọ náà sínú àpò, tí á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tí á gbé e lọ fún obìnrin kan ní òpópónà náà. Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ obìnrin náà sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Aṣọ tó ń gbà fọ̀ ló fi ń jẹun, òun ló sì fi ń tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì kù díẹ̀ kí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣekágbá. Bàbá Ilé kò sọ fún un rí pé ta ló ni aṣọ, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ohun inú ilé ọ̀gá kì í jáde síta. Ìyá Alágbàfọ̀ kò sì béèrè. Àwọn alágbàfọ̀ ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn: wọn a fi òwú rán àmì bíńtín sí abẹ́ kọ́là aṣọ, oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ òwú tirẹ̀, wọn a sì máa fi òwú náà pè é. Olówùú-Pupa wà, Olówùú-Dúdú wà. Ẹni tó ni aṣọ funfun yìí ni Oníbúlúù.

Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ́ràn Oníbúlúù. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí púpọ̀. Bó bá ti ń yẹ abíyá àti ẹnu apá rẹ̀ wò kó tó ki í bọ omi, á mi orí, á sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé, "Oníbúlúù yìí, kò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀."

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ, títí ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń jò, ó ń mì, ó fẹ́ yọ. Àwọn alágbàfọ̀ ì bá ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ohun ìjọba. Wọ́n wá rán Ìyá Alágbàfọ̀ lọ bá Kọmíṣọ́nnà pé kí ìjọba wá tún ọwọ́ ẹ̀rọ ṣe, tàbí kí ó fún àwọn láṣẹ kí àwọn tún un ṣe. Wọ́n ní kí àbúrò ọkọ rẹ̀ sìn ín lọ, kó má baà dá lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ àbúrò ọkọ yìí. Ojúlé ló máa ń wà láti òwúrọ̀, lórí àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, á máa mì síwá, á máa mì sẹ́yìn. Bí wọ́n bá bi í nípa iṣẹ́, á ní ìjọba ń bọ̀ wá pèsè iṣẹ́. Bí wọ́n bá bi í nípa òrùlé tó ń jò sí i lórí, á ní ìjọba ń bọ̀. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìjọba-Ń-Bọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Kọmíṣọ́nnà wà lórí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n gbéra ńlẹ̀.

"A wà lórí ìdúró, sà," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Kò sí àga."

"Ẹ ò rí i? Ẹ ti ń bọ́ nínú òṣì nìyẹn."

Ìyá Alágbàfọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹ̀rọ fún un. Kọmíṣọ́nnà dijú bí ẹni ń gbọ́ orin, Akọ̀wé Àgbà náà sì dijú. Nígbà tó sọ tán, Kọmíṣọ́nnà bi í pé ìgbà wo ló máa ń jí. Ó ní kí ojúmọ́ tó mọ́. Kọmíṣọ́nnà ní kó máa jí ṣáájú ìgbà yẹn.

"Ṣáájú ìgbà yẹn, sà, mi ò tíì sùn."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá fa ìrònú díẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjọba-Ń-Bọ̀ rò pé àyè ti dé. Ó yọ orí jáde lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní bí àwọn èèyàn ìjọba bá ń bọ̀ wá tún ọwọ́ ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun mú ìṣó dání, ẹsẹ̀ àga òun kan kúrú.

Inú Kọmíṣọ́nnà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tó wí? Àga! Àìsàn tí mo ń sọ látijọ́ nìyí, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì mi. Ta ló kọ́ ọ ní ìjókòó? Omi ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí omi ń bá nílé, kí ló fẹ́ dìde lọ ṣe? Ẹ ti ẹ̀rọ náà pa. Ẹni tó bá fẹ́ omi, kó gbéra ńlẹ̀, kó wá omi tirẹ̀."

"Ọgbọ́n ńlá, sà," ni Akọ̀wé Àgbà wí. Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó yé e.

Ìyá Alágbàfọ̀ wojú àwọn méjèèjì. "Ọwọ́ ẹ̀rọ ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún, sà," ló wá wí. "Ẹ sì wá gba ẹ̀rọ."

Ní tòótọ́, èmi ò ní parọ́ fún yín torí pé mò ń fi Kọmíṣọ́nnà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba-Ń-Bọ̀ ì bá ti fi òkúta pẹlẹbẹ kan ti ẹsẹ̀ àga yẹn tipẹ́. Ìwọ̀nba òtítọ́ wà nínú ohun tí Kọmíṣọ́nnà ń sọ. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rí àga ẹnì kan, ó sì lọ ti omi gbogbo òpópónà pa.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ṣeun."

"Ìyàwó, mo rò pé bí a ti kúkú débẹ̀ ni."

"Mo ní ẹ ṣeun."

Wọ́n fi àgádágodo ńlá kan ti ẹ̀rọ náà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, Kọmíṣọ́nnà fi ẹ̀wọ̀n wúrà so ó kọ́ ọrùn, ó ní àmì ẹ̀yẹ òun nìyẹn. Àwọn alágbàfọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé garawa lọ sí odò kan tó jìnnà, lẹ́yìn títì ńlá. Ibẹ̀ lẹrẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán gbáko pọnmi, ìgbà wo ló fẹ́ fọṣọ? Ọrùn ń dùn wọ́n, aṣọ kò sì mọ́. Àwọn oníbàárà ń kó aṣọ wọn lọ níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìyá Alágbàfọ̀ ránṣẹ́ sílé pé àṣekágbá ti ń sún mọ́, kí ni kí òun ṣe? Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé kó máa kàwé rẹ̀ lọ, nǹkan ń bọ̀ lọ́nà. Kò mọ ọ̀nà wo. Àwọn obìnrin yìí ti gbéra ńlẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti gbéra rí lọ, òṣì sì ń bá wọn rìn lọ sódò, ó ń bá wọn rìn bọ̀.

Nígbà tí Bàbá Ilé gbé àpò aṣọ dé, Ìyá Alágbàfọ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè fi omi ẹrẹ̀ ba Oníbúlúù jẹ́. Bàbá Ilé dúró, ó wo ẹ̀rọ, ó wo àgádágodo. Ó gbé àpò rẹ̀ padà sílé, ó sì fi omi kànga fọ̀ ọ́.

Láàárọ̀, Kọmíṣọ́nnà wọ aṣọ, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí i pé dígí náà dọ̀tí. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà dọ̀tí.

Ní ọ́fíìsì, nígbà tó béèrè ẹni tó gbé òun dé ibí, ìdáhùn kò jáde bó ti yẹ. Gbogbo ojú wà lára kóòtù. Akọ̀wé Àgbà ló gba ọjọ́ náà là. Ó sún mọ́ ọn, ó bo ojú bí ẹni tí oòrùn ń pa. "Sà, ẹ tún wá funfun ju ti àná lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn tó kàwé lè ṣe. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ara ògiri funfun ni àwọ̀ aṣọ ọ̀gá ti ń hàn, wọ́n bá kun ògiri ní àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bébà ń tú àṣírí, wọ́n bá kó bébà funfun kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n fi òfin de aṣọ funfun fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tuntun kan tí kò mọ nǹkan kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wá síbi iṣẹ́, wọ́n ní ó ń rí ọ̀gá fín, wọ́n dá a padà sílé. Bí Bàbá Ilé bá ti fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọ̀ rẹ̀ á tún ki sí i, wọ́n á sì tún ògiri kùn. Nígbà tó yá, inú ọ́fíìsì náà dà bí inú ìkòkò, Kọmíṣọ́nnà sì jókòó sáàárín rẹ̀, funfun báláú lójú ara rẹ̀.

Ọjọ́ ńlá wá dé. Kọmíṣọ́nnà ti fi ìwé pe Olórí Ìjọba pé kó wá ṣí òkúta mábù kan tí wọ́n rì sí iwájú ẹ̀rọ omi tí wọ́n tì pa. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i lára pé: NÍHÌN-ÍN NI ÌJÓKÒÓ KÚ SÍ. Wọ́n ta àtíbàbà. Wọ́n kó àga tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọjọ́ yìí jáde fún àwọn èèyàn ńlá. Àwọn ará òpópónà dúró. Wọ́n sì yan Ìyá Alágbàfọ̀ láti dúpẹ́ lórúkọ àwọn tálákà. Akọ̀wé Àgbà ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ìpolówó. Obìnrin náà gbà láti sọ ọ́, nítorí ó ní lẹ́yìn ọpẹ́ òun á fi ẹnu ara òun bẹ̀bẹ̀ fún omi, lójú Olórí Ìjọba, bóyá ọmọ òun á lè ṣe àṣekágbá.

Olórí Ìjọba dé. Aṣọ funfun ni òun náà wọ̀, tí wọ́n fọ̀ níbi tí omi ti mọ́. Kọmíṣọ́nnà lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn, níbi tí kò sí ògiri. Gbogbo àwùjọ dákẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ife mílíìkì ti ife tíì.

Kọmíṣọ́nnà rò pé ìyanu ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní òun ti fi òṣì há sínú ẹ̀rọ, òun sì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó na apá, ó yí po, ó ní kí wọ́n wo aṣọ òun, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá tẹrí ba fún Olórí Ìjọba. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, kọ́là sì ká sókè lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Ìyá Alágbàfọ̀ dúró sí, tí Akọ̀wé Àgbà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu fún ọpẹ́. Ó rí òwú búlúù.

Ọpẹ́ fò lọ lórí rẹ̀. "Oníbúlúù," ló wí, ohùn rẹ̀ sì gba inú gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde. "Ṣé ẹ̀yin ni Oníbúlúù?"

Kọmíṣọ́nnà nàró, ó yíjú padà.

Ìyá Alágbàfọ̀ ti na ọwọ́ mú etí kóòtù náà, ó ń fi ìka ra á wò bí ìyá ṣe ń yẹ ọmọ tó ṣubú wò. "Ta ló ba aṣọ yìí jẹ́ báyìí? Aṣọ yìí kì í rí báyìí lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí wọ́n tó ti omi pa, mo máa ń fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán. Ta ló ń bá yín fọ̀ ọ́ báyìí, sà?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ mi," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

"Kí ló wá ń fọ̀ ọ́?"

"Ìlànà."

"Ìlànà yẹn kì í lo ọṣẹ."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn tó dúró, ó ran àwọn tó jókòó. Olórí Ìjọba náà rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ràn kí èèyàn máa rí i pé òun lè rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, kí Kọmíṣọ́nnà kúkú fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, kó bọ́ kóòtù, kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí àwọn tálákà lè kọ́ ẹ̀kọ́.

Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó ṣí àgádágodo. Ó dojú kọ ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì dúró, nítorí kò ṣí omi rí láyé ipò rẹ̀. Ó wo Akọ̀wé Àgbà. Akọ̀wé Àgbà ń wo òkè. Ìyá Alágbàfọ̀ rọra sọ fún un pé kó rọra, ọwọ́ ẹ̀rọ náà ń mì, ohun tó gbé àwọn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gbéra-Ńlẹ̀ kì í gba ìmọ̀ràn níwájú èèyàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó yí i sí ibi tí kò yẹ kó yí sí, ó sì fi gbogbo agbára yí i.

Ọwọ́ ẹ̀rọ yọ sí i lọ́wọ́.

Omi tú sókè bí ẹni tó ti ń bínú látijọ́. Ó gba àtíbàbà, ó gba mábù, ó gba Akọ̀wé Àgbà lẹ́nu. Ó ba Olórí Ìjọba ní àyà, ó sì kún inú bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín dákẹ́. Kọmíṣọ́nnà dúró sáàárín omi, irin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pariwo pé:

"Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ fi ìbéèrè kan sọ́kàn, ọjọ́ rẹ̀ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìlà, bí wọ́n ti máa ń wà. Wọ́n gbọ́ ohùn tí wọ́n mọ̀, wọ́n gbọ́ ìbéèrè tó jọ èyí tí wọ́n mọ̀, wọn ò tilẹ̀ rò ó. Gbogbo wọn dáhùn pọ̀:

"Ẹ̀yin fúnra yín ni, sà!"

Lórí rédíò ni wọ́n ti kéde pé wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ìdí rẹ̀ dáadáa. Wọn ò sọ pé ó ti omi mọ́ àwọn tó ń fi omi jẹun. Wọn ò mẹ́nu kan àga. Wọ́n ní ó hùwà àìbọ̀wọ̀ fún bàtà Olórí Ìjọba. Akọ̀wé Àgbà ló ka ìkéde náà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń sọ fún Kọmíṣọ́nnà tuntun pé aṣọ búráùn tó wọ̀ bá ògiri mu.

Kọmíṣọ́nnà tuntun ní èrò tirẹ̀. Ó ní ìjọba ni yóò máa ṣe ohun gbogbo fún tálákà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi títí àwọn ọ̀mọ̀ràn á fi dé. Omi sì ń tú lọ sínú gọ́tà, ó ń ṣàn gba ojúlé. Ó gbé àga Ìjọba-Ń-Bọ̀ lọ, ọkùnrin náà sì di ẹni tó nàró, torí kò ríbi jókòó mọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i níbẹ̀.

"Ọkọ mi, bí ẹ ti kúkú dìde yìí, ẹ bá wa di irin yìí mú."

"Òfin ńkọ́, ìyàwó?"

"Òfin ò rí wa. Ìjọba ń bọ̀, kò tíì dé."

Ó dì í mú. Wọ́n gé rọ́bà lára bàtà àtijọ́, wọ́n fi wé ẹnu ọ̀pá, wọ́n ti ọwọ́ ẹ̀rọ padà sí i, omi sì gbọ́ràn. Mo fẹ́ sọ pé ọwọ́ ara wọn ló là wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ sọ ọ́ ni mo rántí ọ̀pá tó gba abẹ́ ilẹ̀ láti orí òkè wá. Kò sí ẹni tó lè fi rọ́bà bàtà ri ìyẹn. Nítorí náà mi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti rí méjèèjì.

Aṣọ padà sórí okùn. Ọmọ Ìyá Alágbàfọ̀ ṣe àṣekágbá rẹ̀. Ìjọba-Ń-Bọ̀ wá àga rẹ̀ rí ní ìsàlẹ̀ gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ tán pátápátá, ó sì kan ẹsẹ̀ tuntun sí i. Ó ń fi í han gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti òkè òpópónà, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó gbé àpò ọ̀rá kan dání. Kò sí agbòòrùn lórí rẹ̀. Òógùn bò ó. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí aṣọ tó wọ̀ kò ní àwọ̀ kan tí èèyàn lè sọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Ẹ jókòó."

Ìjọba-Ń-Bọ̀ gbé àga rẹ̀ fún un. "Ẹ rọra o, sà. Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe."

Ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ wo òkè òpópónà bóyá á rí ọkọ̀ dúdú, kò rí i.

"Ta ló gbé yín wá?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdáhùn náà jẹ́ òtítọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí ìlà láti bá a sọ ọ́.

Ó na àpò sí i. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ fa ṣẹ́ẹ̀tì òkè jáde, ó ṣí kọ́là. Òwú búlúù ṣì wà níbẹ̀. Ó yẹ abíyá wò. Ó yẹ ẹnu apá wò, níbi tí eruku àti òógùn ti dì pọ̀ mọ́ aṣọ. Ó wo ọkùnrin náà lórí àga, ó tún wo aṣọ.

"Oníbúlúù," ló wí, ó sì ki í bọ omi, "ó jọ pé ẹ ti ń ṣe nǹkan díẹ̀ báyìí."